Iléyá ní Ìjẹ̀bú: bọ́ọ̀lù, jangírọ́fà àti ẹṣin

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2025

A kúrò ní Agége kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Lọ́jọ́ Àráfà, ẹni tí kò bá tètè kọjá Bẹ́gà, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni yóò ti ṣínu ààwẹ̀ rẹ̀. Àgbò ló kún ojú ọ̀nà. Wọ́n so àwọn kan mọ́ orí bọ́ọ̀sì, ọ̀kan sì yọrí lójú wíńdò bí èrò tó ti san owó ọkọ̀ rẹ̀ pé.

Kálukú ló mọ ohun tó ń bá lọ. Múbárákì, tó pé ọmọ ọdún méjìlá, ní òun gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan pápá Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́, nítorí ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Àríkẹ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ń fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gun àwọn ẹ̀rọ ìṣeré ńláńlá tó máa ń wò lórí fóònù ìyá rẹ̀. Jangírọ́fà ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, èyí tó ń fì àti èyí tó ń yí. Ìyá wọn ní tòun kò ju Ojúde Ọba lọ, àjọ̀dún ẹlẹ́ṣin tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ Àìkú níwájú ọba Ìjẹ̀bú. Èmi tí mo ń wa ọkọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí. Wẹ́dà ni mí o. Ibi yòówù tí irin bá wà, mo ti rí eré tèmi.

Ní oríta Ṣágámù a fi ọ̀nà Ìbàdàn sílẹ̀, a gba ti Bìní. Ọ̀nà náà dán níbì kan, ó rí jágajàga níbòmíì, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn kò tíì mú nígbà tí a wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Màmá, ìyá ìyàwó mi. "Bàbá Múbárákì, ẹ dìde, ẹ dìde jàre, aṣọ yín!" Wọ́n ń gba ààwẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti gbé gàrí, ẹ̀pà àti ẹja díndín sílẹ̀ de àwọn ọmọ. Gàrí Ìjẹ̀bú kò nílò alágbàwí. Ó kúnná, ó sì kan. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin náà fi wà nínú àpò kó tó dórí iná ló ń fún un ní kíkan yẹn, ẹni tó bá sì ń kánjú dín in kò lè rí i bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ni Bọ̀dá Wàsíù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, wọlé, tí ojú wọn le koko. Télọ̀ kò tíì parí aṣọ ẹgbẹ́ wọn.

"Ọlọ́run á ṣe é," Màmá wí.

"Màmá, télọ̀ ni mo sanwó fún o."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí ẹṣin fi kọjá níwájú ilé, tòun ti ṣaworo lọ́rùn, ọmọkùnrin kan sì ń sáré tẹ̀lé wọn. Àríkẹ́ ti bọ́ sí títì láìwọ bàtà. Bọ̀dá ṣàlàyé pé ńṣe ni wọ́n ń fi títì àti ariwo ìlú mọ àwọn ẹṣin náà, torí ẹṣin tí kò tíì gbọ́ ìró ìbọn rí kò ṣeé gùn wọ àárín èrò lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6

Ìjọba ti fi òní àti Ọjọ́ Ajé ṣe ìsinmi, nítorí náà gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó ní ọkọ̀ l'Ékòó ló wà nílé. Yídì kún títí dé ẹ̀bá títì. Ìrun, ìwáàsù, ọ̀bẹ, àgbò: ẹni tó ti ṣe Iléyá rí mọ ìyókù. Jímọ̀ sì tún bọ́ sí ọjọ́ kan náà, tí ó fi jẹ́ pé àwọn kan kò bọ́ jálàbíà lára láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìkọ́kọrẹ́, torí ọmọ Ìbàdàn ni mí, èmi tí mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé iṣu kò ní iṣẹ́ mìíràn ju iyán àti àmàlà lọ. Ewùrà ni Màmá rin, tí wọ́n sì ń dà á díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti epo pupa. Wọn kò rò ó kúná. Kókó kéékèèké ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù ú. Wọ́n ní ọmọ Ìbàdàn ti ń lajú.

Lẹ́yìn ìrun Àsàrì, ọkùnrin kan gbé ilé afẹ́fẹ́ wá sí pápá kékeré tó wà ní ẹ̀yìn àdúgbò, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fò lórí rẹ̀. Owó péréte ló ń gbà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n wọlé láìka iye. Mo wo ìdí rẹ̀. Irin ìdákọ̀ró mẹ́rin ló yẹ kó wọlẹ̀ dáadáa ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ méjì wà lórí ilẹ̀ gbẹ̀rẹ̀jẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sinmi. Ojú rírán aṣọ náà ń jò nígbà gbogbo, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ rán an bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó ń wọlé ló ń dípò èyí tó ń jáde. Nítorí náà, bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, ilé á wó. Ògiri rẹ̀ rọra tẹ̀ lé àwọn ọmọ lórí, ariwo sọ, ìyá méje wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. A fa gbogbo wọn jáde, kò sẹ́ni tó farapa, àwọn ọmọ náà sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un ṣe. Ọkùnrin yẹn da epo sí i. Mo bá a gbá irin ìdákọ̀ró wọlẹ̀ pẹ̀lú òkúta, mo sì ní kó máa ka iye ọmọ. Ó ní "Ẹ ṣeun, Alhaji." Mi ò tíì dé Mẹ́kà rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 7

Rẹ́mọ lónìí. A gba Ìlíṣàn, níbi tí Yunifásítì Babcock wà, wọ Ìkẹ́nnẹ́. Mo ti sọ fún Múbárákì láti àná pé kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, líìgì ti parí. Ó ní òun mọ̀, pápá lòun fẹ́ fojú rí.

Bàbá ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì kọ́kọ́ ní kò sí àyè. Múbárákì dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ẹgbẹ́ náà fún un. Ó ní ẹgbẹ́ ogún ló wà nínú líìgì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá. Ó ní Remo Stars ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024, kó tó di pé Daniel Ogunmodede, kóòṣì wọn, gbé ife wálé lọ́dún yìí. Ó ní Kunle Soname tó ni ẹgbẹ́ náà ra ẹgbẹ́ Feirense ní ilẹ̀ Potogí ní 2015, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà tó ra ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù ṣáájú rẹ̀. Bàbá wò ó títí. "Ọmọ ta nìyí?" Ó ṣí géètì díẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú mélòó kan, kí a má tẹ koríko.

Pápá náà kò fẹ̀ bíi ti Abẹ́òkúta tí wọ́n ti ṣí eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn. Ìjókòó sún mọ́ ojú pápá, ẹni tó bá wà níwájú lè gbọ́ èébú tí agbábọ́ọ̀lù ń bú ara wọn. Àwọn ọmọkùnrin kan ń sá eré ìdárayá ní apá kejì, ẹni tó ń darí wọn kò sì gbé ojú sókè wò wá. Múbárákì dúró síbẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ àpò, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ìyá rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

A wakọ̀ kọjá níwájú ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní ìlú yìí ní 1909, tí wọ́n sì sin síbẹ̀ ní 1987. Mayflower tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956 náà wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìyàwó mi fẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀. Àríkẹ́ bi mí bóyá jangírọ́fà wà níbẹ̀. A ò sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán la dé ọgbà ìṣeré kan lójú ọ̀nà Ṣágámù, tí mi ò ní dárúkọ. Owó ìwọlé kò tó nǹkan, eré ni wọ́n ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á so ọ̀já pélébé kan mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn, wọ́n á fi báírò sàmì sí i. Bí ìṣẹ́jú eré kan ṣe gùn tó wà lọ́wọ́ iye èrò: nígbà tí èrò kò pọ̀, eré á pẹ́ díẹ̀, nígbà tí ìlà gùn, wọ́n á dá a dúró kí ọmọ tó rẹ́rìn-ín tán.

Ìwà kan wà tí mo máa ń hù ní irú ibẹ̀ tí ìyàwó mi kò fẹ́ràn. Mo máa ń yípo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí ọmọ mi tó gùn ún. Mo ń wo ibi tí irin ti pàdé irin. Ọ̀dà lè tan ènìyàn jẹ, àmọ́ ojú wẹ́dìn tó bá fẹ́ sán kì í pẹ́ fi ara rẹ̀ hàn: ìlà tín-ín-rín kan á kọ́kọ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan ìpẹtà á máa sun gba ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà mo ń wo bóòtù, bóyá nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní pín-ìnnì tí kò ní jẹ́ kó tú, àbí wáyà ni wọ́n fi dì í. Mo tún ń tẹ́tí sí bíárìn, irin tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí geere. Bíárìn tó mu gíríìsì yó kì í sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ kéékèèké tí ń kọ lu ara wọn la fi bẹ̀rẹ̀. Múbárákì bi mí pé níbo ni wọ́n ń da epo sí. Mo ní kó gbójú sókè. Òpó kan yọ ní ìdí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ga kan àjà, àwọ̀n irin ni wọ́n sì fi bo àjà náà. Iná ń gba inú àwọ̀n wọ òpó, ó ń yí mọ́tò tó wà nísàlẹ̀, ó ń gba ilẹ̀ onírin padà síbi tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí i tí iná ń ṣẹ́ yìnrìn lókè. Rọ́bà tó yí ọkọ̀ náà ká ló ń gba ìyà ìkọlù. Mo fẹ́ ṣàlàyé ti rọ́bà náà dáadáa, ọmọ mi sì kọ lù mí láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e ni àwọn àga tí wọ́n fi ṣéènì so rọ̀ sára agboòrùn irin ńlá, tí òpó àárín rẹ̀ ń yí. Bàbá kan tó sanra dáadáa jókòó nítòsí Àríkẹ́. Ìyàwó mi ní bàbá yẹn ni ṣéènì rẹ̀ á fò síta jù, kí n lọ gbé ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kó máa wò ó. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yára, gbogbo ṣéènì ń dà síta: ti bàbá yẹn, ti ọmọ ọdún méje, ti àga òfìfo tó wà láàárín wọn. Ọ̀kan kò dà ju èkejì lọ. Bí ènìyàn ṣe wúwo tó kò kàn án, eré tí ẹ̀rọ ń sá àti bí àga ṣe jìnnà sí òpó ló ń pinnu rẹ̀. Àmọ́ ṣá o, ṣéènì tó gbé bàbá yẹn mọ̀ ọ́n lára.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń fì síwá sẹ́yìn ni Àríkẹ́ ti ń pariwo rẹ̀ láti Agége. Igi ìwọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá kan àmì pupa kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Àríkẹ́ na ọrùn, ó kàn án. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Ohun tó ń ti ọkọ̀ yẹn kò sí lókè. Táyà ọkọ̀ lásán ni, ó wà nísàlẹ̀, iná ń yí i, ó ń fara ra ìdí ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ á ṣe máa ga sí i díẹ̀díẹ̀. Táyà yẹn kan náà ni wọ́n fi ń dá a dúró. Táyà dára, bíárìn òkè dákẹ́. Níbi ẹsẹ̀ òsì, níbi tí páìpù ti pàdé pátákó irin, mo rí ìlà kan lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Mo fi èékánná ha á. Ìpẹtà pupa bọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?" Ọmọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ló ń bi mí.

"Àbúrò, ibí yìí ti sán."

"Láti àárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó sì ti sán."

Ó wo ibẹ̀, ó wo ìlà èrò, ó pe obìnrin tó ń bójú tó ọgbà náà lórí fóònù. Obìnrin náà dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti lẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tí mo fi hàn án. Mo gbà fún un: kò jiyàn. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n dá owó padà fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn òbí tó wà lórí ìlà ló bínú, ojú ni wọ́n sì fi ń bú mi. Ìyá kan ní àwọn wẹ́dà kan máa ń wá iṣẹ́ kiri lọ́jọ́ ọdún.

Bí ẹni pé obìnrin alábòójútó gbọ́ ọ, ó ní kí n kúkú bá wọn jó o ní kíá, ẹ̀rọ wẹ́dìn wà nílẹ̀. Mo kọ̀. Irú ibẹ̀ yẹn, ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ọ̀dà kúrò títí irin á fi funfun, kó gbẹ́ ibi tó sán dé ìdí kó lè mọ ibi tó parí sí, kó lu ihò sí ẹnu ìlà náà kó má baà máa sá lọ síwájú, kó tó wá jó o ní ìpele-ìpele pẹ̀lú ẹlẹ́tíródù, ọ̀pá wẹ́dìn, tó bá irin náà mu. Wọn kò gbọ́dọ̀ da omi sí i kó lè tètè tutù. Lẹ́yìn náà ó yẹ kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n wò ó, kí wọ́n fi àpò yanrìn sórí àga dípò ènìyàn, kí ó fì títí. Wẹ́dìn orí ọ̀dà kì í di irin mú, ó kàn ń bo ojú àwa tó ń wò ó ni. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé fún un. Ó pa ìwé náà pọ̀, ó fi bọ inú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fún àwọn ọmọ mi ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Àríkẹ́ sunkún gidi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìdí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé ènìyàn lọ sókè. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀: kò to èrò sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó fi àwa sí àga ìsàlẹ̀, ó yí i dé ìdajì, ó fi ìdílé mìíràn sí èyí tó kọjú sí tiwa, kí kẹ̀kẹ́ má baà wúwo lápá kan kí ó sì máa fa mọ́tò lọ́rùn. Nígbà tí a dé òkè pátápátá, Àríkẹ́ di apá mi mú, ó ní òun rí Agége. Igbó ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Agége ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8

Ojúde Ọba. Télọ̀ gbé aṣọ Bọ̀dá Wàsíù dé lẹ́yìn ìrun Ṣúbúhì. Apá kan gùn ju èkejì lọ. Bọ̀dá ká a sókè, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan.

Ẹ má gbé ọkọ̀ dé ìtòsí ibẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi rìn, ẹsẹ̀ sì yá ju mọ́tò lọ. Láti ojú títì ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ ń to ara wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà, onílù ń wá ẹni tí wọ́n máa kì, aṣọ òkè ń tàn yanran, obìnrin méjìlá ń tún gèlè ara wọn ṣe nínú dígí ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ọpẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àwọn Mùsùlùmí ìgbàanì ní Ìjẹ̀bú ń lọ kí Awùjalẹ̀ níwájú ààfin, nítorí ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Orúkọ Balógun Kúkù kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn náà, ọkùnrin tó ti jẹ́ onígbàgbọ́ kó tó di Mùsùlùmí, tó sì mú ẹṣin àti ìlù wọ̀ ọ́. Lónìí, Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ni wọ́n jọ ń ṣe é, bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn wo nínú aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ó wò títí.

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni ọ̀pá tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju bí ọdún mẹ́ta síra wọn ni wọ́n ń pa pọ̀ ní ẹgbẹ́, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ètò àtijọ́ ni, tí wọ́n sọ jí ní ayé Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960. (Mo ń tẹ ìwé yìí lẹ́yìn tí Kábíyèsí ti wàjà, ní ọjọ́ 13 oṣù Keje. Bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni mo fi í sílẹ̀.) Gbọ́baníyì, Bọ́bagúnwà, Bọ́bakẹ́yẹ, Jagunmólú: bí wọ́n bá ti pe orúkọ ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà á jó wọlé, á jó dé iwájú, á kí ọba, á sì yà sápá kan fún èyí tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ jáde kíákíá. Ọkùnrin tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń jó lọ.

Ìyàwó mi mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú. "Wo ìyá yẹn, tíṣà mi ni." "Wo èyí, ó jẹ Màmá lówó." Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ pa pọ̀. Wọ́n ti fi oṣù mélòó kan dáwó, yan aṣọ, jà nítorí aṣọ, tún yan òmíràn, ṣe ìpàdé lórí fóònù láti London títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò sí ìjọba kankan tó lè fi owó ra irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún pápá kan. Ó dùn mí díẹ̀ pé ní apá ibi tí a jókòó sí, ìpolówó ọjà ń pariwo bo ìlù mọ́lẹ̀, àwọn ayàwòrán sì dúró síwájú wa tí àwa fi ń wo ẹ̀yìn orí wọn.

Lẹ́yìn náà ni ẹṣin dé.

Ìró ìbọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, èéfín ẹ̀tù sì bo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìdílé Balógun ni wọ́n ń gun ẹṣin wọlé: Kúkù, Ọ̀dúnúgà, Òtúbù àti àwọn mìíràn, ìdílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, agbo ènìyàn níwájú àti lẹ́yìn, àwọn ọmọ Hausa tó ń tọ́jú ẹṣin sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìjánu lọ́wọ́. Ọmọ kékeré kan tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá jókòó sórí ẹṣin funfun, kò di nǹkan kan mú ju ìjánu lọ. Ọkùnrin kan fa tirẹ̀ títí ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin náà fi kúrò nílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan tú agbádá sílẹ̀ sínú atẹ́gùn. Gbogbo pápá dìde. Lọ́dún tó kọjá, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti sìgá àti awò dúdú, yí gbogbo ayé po. Lọ́dún yìí mo ka awò dúdú lójú àwọn ọ̀dọ́ títí ó fi rẹ̀ mí.

Mo wo irin wọn náà. Mi ò lè ṣe kí n má wò ó. Ibi tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ lára gàárì, ọ̀pọ̀ ni iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, wọ́n fi òòlù lù ú jáde láti ara irin kan ṣoṣo, kò sí ojú wẹ́dìn lára rẹ̀. Àwọn yẹn lè pẹ́ ju èmi tí mo ń wò wọ́n lọ.

Àríkẹ́ wà ní èjìká mi. Nígbà tí ẹṣin kan sún mọ́ wa tí ó sì mí sí wa lójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó sán."

Ọ̀sán gan-gan, atẹ́gùn òjò kan fẹ́. Ẹsẹ̀ kánópì ẹgbẹ́ Bọ̀dá Wàsíù ká kò, páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì rọra jókòó lé àwọn olóyè méjì lórí. Wọ́n jáde lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún fìlà dé, wọ́n sì ń bá ìlù lọ. Bọ̀dá wo apá ibi tí mo wà láti ọ̀nà jíjìn. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9

Kí a tó jáde ní ìlú, Múbárákì ní ó ku pápá kan. A lọ sí pápá ìṣeré Dípò Dínà. Gateway ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi sọrí Ọ̀túnba Dípò Dínà, olóṣèlú tí wọ́n pa ní oṣù Kìíní 2010. Ní 2009, ibẹ̀ wà lára pápá tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ti gbá ife àgbáyé. Èyí tí èmi rántí jù ni ti oṣù Kẹwàá 2012. Al Ahly láti Íjíbítì wá bá Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ níbí nínú ìdíje àwọn aṣíwájú Áfíríkà, góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta ni wọ́n gbá. Mo wà nínú ilé ọtí kan ní Agége, tẹlifíṣàn ń ṣẹ́jú, mo sì ń pariwo fún Àkúrẹ́. Múbárákì kò gbà pé Al Ahly ti dé Ìjẹ̀bú rí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù níbẹ̀, ó ní "Háà, lóòótọ́." Àwọn kan ń sáré ìdárayá lẹ́bàá ibẹ̀, obìnrin kan ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. A jẹun.

Nígbà tí a padà sílé kó ẹrù, Bọ̀dá Wàsíù ti ń dúró dè mí pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n fi rúlà ya kánópì sí.

"Àna, ẹgbẹ́ wa ṣèpàdé lálẹ́ àná."

"Lẹ́yìn gbogbo ijó yẹn?"

"Wọ́n ní kí n bi yín léèló."

Mo sọ iye rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pe Màmá pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí àna wọn wí. Màmá ní àwọn kò sí níbẹ̀. Mo dín in. Wọ́n ní kí n tún rò ó wò, pé ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ilé ìfowópamọ́. Mo ní páìpù tí mo ń sọ nípọn ní ìlọ́po méjì èyí tó ká kò lórí àwọn olóyè wọn, mo sì máa fi irin dábùú igun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bí ó bá nípọn tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa gbé e? Ìbéèrè gidi ni. A jókòó, a tún un yà. Mo sọ ọ́ di èyí tó ṣeé tú sí ọ̀nà mẹ́rin, pẹ̀lú bóòtù àti pín-ìnnì.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ẹgbẹ́ á ra irin, èmi á mú ẹ̀rọ àti ọwọ́ wá, kí gbogbo rẹ̀ parí kí ààwẹ̀ Ramadan tó wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí a kò tíì fẹnu kò sí ni owó ọkọ̀ mi. Bọ̀dá ní kò sí ẹni tó ń san owó ọkọ̀ fún àna tó ń bọ̀ wá kí ìyá ìyàwó rẹ̀. Títí a fi dé oríta Ṣágámù, ìyàwó mi wà lórí fóònù pẹ̀lú wọn lórí ọ̀rọ̀ náà, apá tiwọn ló sì ń gbè.